Ẹni Tó Fọ Ẹ́ńjìnì Lọ́rì Wa

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí orí mi kò tíì ga ju táyà lọ́rì lọ, ilé wa ní Bẹ́yẹrunkà, nílùú Ìbàdàn, ní lọ́rì kan. Ilé wa ni mo wí, n kò wí pé bàbá mi. Oko kòkó tí bàbá wọn fi sílẹ̀ ni bàbá mi àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tà, kí wọ́n tó lè ra ọkọ̀ náà, ó sì ti darúgbó díẹ̀ kí ó tó dé ọwọ́ wọn. Bàbá mi nìkan ló mọ ọkọ̀ wà nínú wọn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi í sídìí rẹ̀. Ohun tó bá mú wálé, gbogbo ilé ló ń jẹ ẹ́. Bí ó bá bàjẹ́, gbogbo ilé ló bàjẹ́ fún.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí kò lè mọ bí lọ́rì kan ṣe tóbi tó lójú wa nígbà náà. Òun ló ń gbé ìyàwó wálé, òun ló ń gbé òkú lọ sí abúlé. Bí ó bá ń gun òkè Màpó bọ̀, a máa ń dá ohùn rẹ̀ mọ̀ láti ilé, àwa ọmọdé á sì sáré jáde lọ pàdé rẹ̀.

N óò kọ́kọ́ sọ bí bàbá mi ṣe ń tọ́jú ẹ́ńjìnì ọkọ̀ náà fún yín. Bí n kò bá sọ ìyẹn, ẹ kò ní mọ ohun tó dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ní àràárọ̀, kí ó tó fi nǹkan kan ẹnu, á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Á fa irin tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì jáde, á nù ún, á tì í padà, á tún fà á jáde, á gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Á kán ọ́ìlì náà sí àtàǹpàkò, á fi ìka kejì rà á, á fara balẹ̀ gbọ́ bóyá iyanrìn wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kan omi rédíétọ̀. Kì í bu omi kànga sí i. Ó ní omi kànga àdúgbò wa máa ń fi ìpẹ́ sílẹ̀ nínú irin, irú funfun tí ẹ máa ń rí ní ìdí kẹ́tùrù. Omi òjò ni. Àgbá kan wà lábẹ́ ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ti lọ́rì, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bu nínú rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí kànga bá gbẹ, tí a bá ń rìn lọ sí Oníyanrìn torí omi mímu, omi lọ́rì wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó jẹ́ fọwọ́ kàn án.

Ọjọ́ Jímọ̀ ló máa ń fọ ẹ́ńjìnì. Ọkọ̀ á ti sùn síwájú ilé láti ọjọ́ tó ṣáájú kí ó lè tutù dáadáa. Síbẹ̀, bàbá mi á fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan irin náà lákọ̀ọ́kọ́, bí ìyá ṣe ń kan ọrùn ọmọ tí ibà ń ṣe. Á fi ọ̀rá di àwọn ibi tí iná ń gbà kọjá. Á fi búrọ́ọ̀ṣì àti kẹrosíìnì ha ọ̀rá dúdú tó ti gbẹ mọ́ ọn lára. Ọṣẹ ló kàn, omi díẹ̀, lẹ́yìn náà àkísà. Ó máa ń sọ pé ìdọ̀tí fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń pa ẹ́ńjìnì, pé ohun tí ìdọ̀tí ń ṣe ni pé ó ń bo ojú ibi tó ń jò, títí tí ọ̀rọ̀ á fi kọjá àtúnṣe. Ẹ́ńjìnì tó bá mọ́, bí ó bá sun ẹ̀kán ọ́ìlì kan ṣoṣo, ojú á rí i.

Bí ó bá nù ún tán, á tan ọkọ̀, á mú irin onígi tí wọ́n fi ń tú ìdè, á fi ẹnu irin náà ti ara ẹ́ńjìnì, á gbé etí lé igi rẹ̀, á dijú. Àwọn awakọ̀ gáréèjì Ọjà'ba mọ̀ ọ́n mọ́ èyí. Wọ́n á wa ọkọ̀ tiwọn wá síwájú ilé wa kí ó lè bá wọn gbọ́ ọ. Dókítà ni wọ́n ń pè é.

"Dókítà, kí ló ń ṣe é?"

"Ebi ọ́ìlì ni. Ìwọ jẹ ẹ̀kọ láàárọ̀, o jẹ ọkà lọ́sàn-án. Òun, láti ìgbà Mọ́lúdì ló ti jẹun kẹ́yìn."

"Ẹ má bú mi mọ́, bàbá. Ìyàwó mi gan-an ò bú mi tó báyìí."

"Ó yẹ kó bú ọ. Ó ṣeé ṣe kébi máa pa òun náà."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín, bàbá mi náà á rẹ́rìn-ín. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n nídìí ẹ́ńjìnì, ẹnu rẹ̀ máa ń yá. Orúkọ tó ní ní gbogbo Ìbàdàn kò ju ìyẹn lọ: ọkùnrin tó mọ ẹ́ńjìnì í tọ́jú.

Ọ̀rọ̀ wá kan ìyá mi.

Ìyá mi kì í ṣe ọmọ Ìbàdàn. Òkè Ògùn ni bàbá mi ti rí i, níbi tó ti máa ń lọ kó iṣu. Ilé wa ti wá ìyàwó sílẹ̀ fún un ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, bàbá mi kò fẹ́, ìyá mi ló gbé wálé. Wọn kò fi bẹ́ẹ̀ dárí ìyẹn jì í. Àwọn ọmọ tí ìyá mi bí ṣáájú mi kò dúró. Èmi nìkan ló kù lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́dún tó ṣáájú èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, iná jó ilé ìdáná ilé wa. Ìyá mi ló ń yan ẹja níbẹ̀, afẹ́fẹ́ sì gbé iná sí òrùlé. Kò sẹ́ni tó fara pa. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n bàbá mi àgbà, tó jẹ́ mọ́gàjí ilé wa, olórí gbogbo ẹbí, pe tilé tọ̀nà jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní kí ìyá mi kúnlẹ̀.

"Ìyàwó," ó wí, "a dárí jì ọ́. Ṣùgbọ́n tí ohun ilé yìí kan bá tún bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ, ẹrù rẹ ni wàá dì. Ọmọ á dúró. Ilé ló ni ọmọ."

Bàbá mi dọ̀bálẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀. Mọ́gàjí ní òun ti sọ̀rọ̀ tán. Ọ̀rọ̀ mọ́gàjí nígbà náà, ẹ̀yin ọmọ mi, kì í ṣe ohun tí ẹnì kan ń bá a jà lé lórí. Bí ó bá ní kí ìyàwó lọ, ó lọ nìyẹn. Láti ọjọ́ náà ni ìyá mi ti ń rìn nínú ilé bí ẹni tó gbé ẹyin lọ́wọ́. Ó máa ń sùn pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ lára mi.

Nílé wa, kí ọjọ́ Iléyá tó mọ́, kò gbọdọ̀ sí ìdọ̀tí kankan nílẹ̀. Ọjọ́ Àráfà, tó ṣáájú Iléyá, àwọn ìyàwó ilé á fọ ìkòkò, wọ́n á fọ ẹní, wọ́n á fọ ilẹ̀kùn, wọ́n á fọ ògiri dé ibi tí ọwọ́ wọn bá gùn dé. Ìyàwó kọ̀ọ̀kan á sì fọ irinṣẹ́ ọkọ rẹ̀. Ẹni tí ọkọ rẹ̀ jẹ́ télọ̀ á nu ẹ̀rọ ìránṣọ títí á fi máa dán. Ẹni tí ọkọ rẹ̀ ní kẹ̀kẹ́ á fọ kẹ̀kẹ́. Ìyáalé, ìyàwó mọ́gàjí, á wá máa rìn káàkiri, á máa wò ó, á máa yin ẹni tó fẹ́ yìn, á máa fi ẹni tó fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹnu ìyáalé mú. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ mú.

Lọ́jọ́ Àráfà tí mo ń wí yìí, bàbá mi kò tíì ti ìrìn àjò dé. Ìyáalé dúró níwájú ìyá mi tó ń fọ ìkòkò.

"Ìyàwó, níbo ni irinṣẹ́ ọkọ tìrẹ wà?"

"Ó ṣì wà lọ́nà, ìyá mi. Lọ́rì ni."

"Mo mọ̀ pé lọ́rì ni. Mo tún mọ ẹni tó ń fọ̀ ọ́. Ọkùnrin ń fọ nǹkan ní gbogbo Jímọ̀, ìyàwó ń wò ó. Èwo nínú yín la gbé níyàwó gan-an?"

Àwọn ìyàwó yòókù bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn, tí òun àti ìyá mi jọ ń pọn omi, ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, ìyá wa. Òun ló mọ ilé ìdáná sun. Iṣẹ́ kan náà kọ́ ni gbogbo wa mọ̀."

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Ìyá mi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo rí i pé ó ń fi iyanrìn ha ìdí ìkòkò tó ti mọ́.

Lẹ́yìn ọ̀sán ni bàbá mi dé. Àgbò ló kó wá, àgbò Iléyá ti ilé wa àti ti àwọn aládùúgbò. Òjò ti rọ̀ lọ́nà, ẹrẹ̀ bo ọkọ̀ náà láti ẹsẹ̀ dé orí. Wọ́n já àwọn àgbò sílẹ̀, gbogbo ilé sì tẹ̀ lé wọn lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ọmọdé àti àgbà, olúkúlùkù fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀. Bàbá mi ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ kí ooru lè jáde lára ẹ́ńjìnì. Ó gbọ́ tí wọ́n pe ìrun Àsárì, ó mú kẹ́tùrù àlùwàlá, ó sì lọ sí mọ́ṣáláṣí.

Èmi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìṣó ti gún mi lẹ́sẹ̀, n kò lè bá àwọn yòókù lé àgbò.

Ìyá mi jáde pẹ̀lú ọṣẹ, búrọ́ọ̀ṣì àti agbada omi. Inú àgbá lọ́rì ló ti bu omi náà, torí ó mọ̀ pé ọkọ rẹ̀ kì í lo omi kànga. Ó fi ọ̀rá di gbogbo ibi tí bàbá mi máa ń dì. Kò fi ọ̀kan sílẹ̀. Ó ti wò ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tó fi mọ gbogbo rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni kò mọ̀, torí kò sí ohun tó lè fi hàn án: àárọ̀ ni bàbá mi máa ń fọ̀ ọ́ nígbà gbogbo, lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti sùn. Ìkòkò ni ìyá mi mọ̀. Gbogbo obìnrin tó bá ń dáná ló mọ̀ pé bí nǹkan bá jóná mọ́ ìdí ìkòkò, gbígbóná rẹ̀ ni kí o da omi sí i, ọ̀rá á ká kúrò fúnra rẹ̀. Bí ó bá tutù tán, wàá ha á títí ọwọ́ á fi bó.

Ó rí i pé ó gbóná. Mo rí i tó fi ìka kàn án, tó yára fa ọwọ́ padà, tó fẹ́ atẹ́gùn sí ìka náà, tó rẹ́rìn-ín músẹ́. Inú rẹ̀ dùn pé ó gbóná. Lẹ́yìn náà ló gbé agbada sókè, ó sì da omi náà sí i.

Ó dún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí igi gbígbẹ tí wọ́n ṣẹ́ lórí eékún. Ooru bò ó mọ́lẹ̀. Nígbà tí ooru ká kúrò, ó fọ̀ ọ́. Ó ha á, ó ṣan án, ó nù ún. Ẹ́ńjìnì náà mọ́. N kò rí i kí ó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí, lọ́wọ́ bàbá mi pàápàá.

Bàbá mi ń bọ̀ láti mọ́ṣáláṣí, tẹ̀súbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá mi dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú àkísà.

"Olówó orí mi, ẹ wá wò ó."

Ó wá wò ó. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan irin náà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà náà ni mo tó mọ ohun tó rí, ìlà kan tó tín-ínrín bí irun orí, tí omi ń sun jáde láti inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó nàró, ojú rẹ̀ kò yàtọ̀, ṣùgbọ́n ó gbé tẹ̀súbáà sápò, ó sì tún yọ ọ́, ó tún gbé e padà.

"Ó mọ́, àbí kò mọ́?" ìyá mi bi í.

"Ó mọ́."

"Ṣé mo gbìyànjú?"

"O gbìyànjú."

Ó gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gba agbada. Ó rọra béèrè pé, "Ta ló rí ọ?"

"Kò sẹ́ni kan. Ọmọ nìkan."

Bàbá mi wò mí. Ó da omi tó kù nínú agbada sí ara bùbá rẹ̀, bùbá funfun tó fi lọ kírun. Ó fi ọwọ́ ra ọ̀rá dúdú, ó nù ún mọ́ àyà.

"Wọlé," ó sọ fún ìyá mi. "Lọ fọwọ́ rẹ dáadáa, kí o máa lọ ata. O kò dé ibí."

"Kí ni mo ṣe?"

"Wọlé."

Ìyá mi wọlé. Bàbá mi gòkè sí ìdí ọkọ̀, ó tàn án. Ọkọ̀ náà wú ikọ́, èéfín funfun bo ojúde wa, ó sì kú. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbọ́, wọ́n jáde láti ẹ̀yìnkùlé. Okùn àgbò ṣì wà lọ́wọ́ mọ́gàjí.

"Kí ló ṣe é?"

Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù náà. "Ẹ̀gbọ́n, èmi ni. Mo fẹ́ kó mọ́ kí ọ̀la tó dé. Mo da omi tútù sí i nígbà tó ṣì gbóná."

"Ìwọ?"

"Èmi ni."

"Ìwọ tó o máa ń lé àwọn ọmọdé kúrò nídìí ẹ̀ torí omi?"

"Ìkánjú ni, ẹ̀gbọ́n."

Okùn já bọ́ lọ́wọ́ mọ́gàjí, àgbò sì rìn lọ sí ojú títì, kò sẹ́ni tó lé e.

Mẹkáníìkì tó tú ẹ́ńjìnì náà ní ọ́ìlì inú rẹ̀ ti funfun bí ẹ̀kọ mímu, pé omi ti dà pọ̀ mọ́ ọn, pé ara irin fúnra rẹ̀ ló sán. Wọ́n gbé e lọ fún àwọn ajórin. Wọ́n jó o, ó tún sán. Ẹ́ńjìnì mìíràn kò ṣeé rà. Ọkọ̀ náà jókòó síwájú ilé títí koríko fi hù lábẹ́ rẹ̀, wọ́n sì tà á fún àwọn oníirin. Lọ́jọ́ tí wọ́n wá wọ́ ọ lọ, bàbá mi bá wọn ti ọkọ̀ náà dé ọ̀nà Bẹẹrẹ. Kò sẹ́ni tó ní kó bá wọn tì í.

Ìròyìn kì í pẹ́ dé gáréèjì. Ẹni tí wọ́n ń pè ní dókítà ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ẹ́ńjìnì tirẹ̀, ohun tí ọmọ ọkọ̀ tó dé lánàá kò jẹ́ ṣe. Kò sí ọlọ́kọ̀ tó gbé ọkọ̀ fún un mọ́. Kò sẹ́ni tó wa ọkọ̀ wá síwájú ilé wa mọ́ kí ó gbọ́ ọ. Ó di alábàárù ní Ọjà'ba, ó ń ru àpò fúláwà, ó ń ru àpò iyọ̀. Mo wà pẹ̀lú rẹ̀ lọ́jọ́ kan tó fẹ́ mumi ní gáréèjì. Bó ṣe gbé ife sẹ́nu ni awakọ̀ kan pariwo láti òkèèrè.

"Ẹ gba ife yẹn lọ́wọ́ ẹ̀ o. Ẹ́ńjìnì mi ṣì gbóná."

Gbogbo gáréèjì rẹ́rìn-ín. Bàbá mi náà rẹ́rìn-ín. Ó mu omi rẹ̀ tán, ó dá ife padà, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin tó ni ín.

Lẹ́yìn Iléyá yẹn ni wọ́n fẹ́ fi mí sílé-ìwé. Kò ṣeé ṣe mọ́. Irùngbọ̀n ti ń yọ díẹ̀díẹ̀ lẹ́nu mi kí n tó jókòó kọ́ a, b, d, pẹ̀lú àwọn ọmọ tí mo lè gbé pọ̀n. N kò bínú. Mo kàn ń sọ ọ́ ni.

Yàrá kan náà ni àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń sùn. Mo gbọ́ ìyá mi tó ń bẹ bàbá mi.

"Ẹ jẹ́ kí n sọ fún wọn. Ojú mi ni wọ́n ṣe ń fi yín ṣẹ̀sín."

"Tí o bá sọ, o lọ nìyẹn. Ta ló máa tọ́ ọmọ yìí?"

"Orúkọ yín wá ńkọ́?"

"Orúkọ kì í sunkún ìyá ẹ̀ lóru."

Bàbá mi ní kí ó ṣèlérí pé níwọ̀n ìgbà tí òun bá wà láyé, kò ní sọ ọ́. Ó ṣèlérí. Ó mú un ṣẹ. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, bí bàbá mi bá ti ọjà dé, ìyá mi á gbé omi síwájú rẹ̀, á fọ ọrùn rẹ̀ níbi tí àpò ti bó o. Wọn kì í sọ̀rọ̀ bí wọ́n bá ń ṣe é. Mo máa ń jáde síta.

Mo ti di géńdé nígbà tí bàbá mi kú. Lọ́jọ́ fídáù ogójì rẹ̀, gbogbo ẹbí pé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà tí wọ́n ti ní kí ìyá mi kúnlẹ̀. Àwọn ààfáà ṣàdúrà tán. Mọ́gàjí ti darúgbó, wọ́n ń dì í lápá mú. Ó ní kí Ọlọ́run forí jin àbúrò òun. Ó ní, "Kò jalè. Kò purọ́. Àṣìṣe kan ṣoṣo ló ṣe láyé ẹ̀, òun ló jẹ́ kí ilé yìí tòṣì. Ọlọ́run, bá wa dárí ẹ̀ jì í."

Gbogbo ènìyàn ní àmín.

Ìyá mi dìde nínú aṣọ opó, ó kúnlẹ̀ ní àárín ilé, ó sì sọ ọ́. Ó sọ ti ìyáalé, ó sọ ti agbada, ti omi àgbá, ti ohùn tó dún. Ó sọ bí bàbá mi ṣe da omi sí aṣọ ara rẹ̀. Kò sunkún. Ó ń sọ ọ́ létòletò, bí ẹni tó ti ń kà á fún ara rẹ̀ láti ọdún pípẹ́.

Ó sọ ọ́ tán. Mo rò pé ẹ̀gàn bàbá mi ti tán nìyẹn.

Ìyáalé ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Omijé ti kún ojú rẹ̀. "Ẹ rí obìnrin," ó wí. "Ẹ rí ẹni tó nífẹ̀ẹ́ ọkọ. Ó fẹ́ ru ẹrù ẹ̀ fún un dé sàréè."

Mọ́gàjí na ọwọ́ sí i. "Ìyàwó wa, dìde. A ti gbọ́. Nígbà tó o dé ilé yìí, a ò mọ̀ ọ́. A ti wá mọ̀ ọ́ báyìí."

"Ẹ̀yin bàbá mi, òótọ́ ni. Ẹ gbé Àlùkùránì wá, kí n búra."

"A kì í búra nílé òkú. Ọkọ rẹ gbọ́ ohun tó o sọ yẹn níbi tó wà, inú ẹ̀ á dùn."

"Ọmọ mi rí i. Ẹ bi í."

Wọ́n wò mí. Mo ní òótọ́ ni, pé mo jókòó síbẹ̀, pé mo rí i. Ààfáà kan gbá mi léjìká. "Ọmọ rere," ó wí. "Ọmọ tó bá fẹ́ràn bàbá ẹ̀, bó ṣe ń ṣe nìyẹn."

Wọ́n fún ìyá mi ní yàrá iwájú, yàrá tó dára jù nínú ilé, wọ́n sì kéde rẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn pé kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ lé e kúrò níbẹ̀ láéláé. Àwọn ìyàwó ilé tó ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ rí ń kúnlẹ̀ kí i. Ó gbé inú yàrá náà títí ó fi kú. Bí wọ́n bá ń yìn ín, á wo ilẹ̀. Nígbà kan ó sọ fún mi pé, "Ibi tí wọ́n fún mi ni bàbá rẹ ń sanwó ẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́." Kò tún sọ ọ́ mọ́.

Ìgbà tí mo fẹ́ aya mi, mo sọ ọ̀rọ̀ náà fún un. Ó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí lọ́wọ́. Ó dá iṣẹ́ dúró, ó bi mí bóyá ooru náà jó ìyá mi lára nígbà tó bò ó. Kò sẹ́ni tó béèrè ìyẹn rí. Bí mo ṣe mọ̀ pé ó gbà mí gbọ́ nìyẹn. Òun nìkan ló gbà mí gbọ́. Òun náà ti lọ báyìí, a sin ín, ilé sì dákẹ́.

Nǹkan ti yí padà. Bí mo bá ń kọjá ní Bẹẹrẹ nísinsìnyí, mo máa ń rí àwọn ọmọkùnrin tó ń fi ẹ̀rọ fọ ọkọ̀ lẹ́bàá títì. Ọkọ̀ á dé, èéfín á ṣì máa rú lára rẹ̀, wọ́n á ṣí i, wọ́n á tú omi sí i. Mo dúró lọ́jọ́ kan, mo ní kí wọ́n jẹ́ kó tutù ná. Ọ̀kan nínú wọn dá mi lóhùn tìfẹ́tìfẹ́ pé, "Bàbá, tó bá sán, wọ́n á ra tòkúnbọ̀." Òótọ́ ló sọ. Wọ́n á gbé ẹ́ńjìnì mìíràn sí i, kí ilẹ̀ tó ṣú ọkọ̀ ti ń rìn. Kò sí ẹni tí wọ́n máa fi orúkọ rẹ̀ dí i. Kò sí ìyàwó tí wọ́n máa lé torí rẹ̀. Inú mi dùn sí ìyẹn. Bí ayé bá máa yí, ó dára kó yí bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n nílé wa ní Bẹ́yẹrunkà, nígbà tí ẹbí bá pé síbi ìsọmọlórúkọ, àwọn ọ̀dọ́ tí kò mọ bàbá mi rí máa ń fi ìtàn náà pa ara wọn lẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní bàbá àgbà kan wà nílé yìí tó da omi tútù sí ẹ́ńjìnì gbígbóná, pé òun ni kò jẹ́ kí a lówó. Wọ́n tilẹ̀ kọ ọ́ sórí fóònù, sínú ẹgbẹ́ tí ẹbí ti máa ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, wọ́n ya àwòrán ẹ̀rín sí i. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi ọwọ́ àdúrà ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá." Ọ̀rọ̀ náà sì kọjá lọ.

Ìdí tí mo fi kọ èyí nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ kò mọ bàbá mi. Ẹ kò bá wọn rẹ́rìn-ín ní gáréèjì, ẹ kò sì sí níbi fídáù. Kò sẹ́ni tó ti sọ nǹkan kan fún yín ṣáájú mi. Nítorí náà mo ń sọ ọ́ fún yín: bàbá mi kọ́ ló da omi náà. Ó wà ní mọ́ṣáláṣí.